Ẹsẹ̀ Ni Mo Fi Gùn Ún

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó tán ná. Tó bá wá di pé ẹ fẹ́ bú mi, ẹ ó mọ ibi tó yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi Ṣògo, ẹnu mi ni ọ̀tá mi. Láti kékeré ni. Bí òjò bá rọ̀ ní Thamesmead, nílùú òyìnbó níbí, màá ní mo rí ẹja tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bí bàbá arúgbó kan bá húkọ́ nílé ìtọ́jú tí mo ti ń ṣiṣẹ́, màá ní fèrèsé mẹ́ta ló fọ́. Ìdánwò WAEC, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo jókòó ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo bá ń sọ ọ́, màá ní ìjọba ló fẹ́ràn ojú mi tí wọn ò fẹ́ kí n tètè lọ. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ayé á sì máa lọ.

Ẹ̀rín yẹn náà ni Olúwafèyíṣayọ̀ fi mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì ni, òun ló máa ń wá wẹ egbò fún àwọn arúgbó wa ní ọjọ́ Tuesday. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, ó tẹ̀ba lórí ẹsẹ̀ bàbá kan, mo ní, “Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Ẹsẹ̀ yẹn gbá bọ́ọ̀lù kan lọ́dún 1966, bọ́ọ̀lù náà ò tíì balẹ̀ di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.” Ó rẹ́rìn-ín títí síṣọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Tuesday kan ò gbọdọ̀ yẹ̀ lójú mi.

Ìlú yìí ni wọ́n bí Fèyí sí, Thamesmead East ló dàgbà sí. Yorùbá rẹ̀ dà bíi bàtà tí ọmọdé wọ̀ sódì: ó ń rìn dáadáa, ṣùgbọ́n bí o bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀, wàá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í gun bọ́ọ̀sì kọjá ilé mi nítorí kí n lè jókòó tì í.

Ìyá rẹ̀ ni ìṣòro. Auntie Margaret, ọ̀gá wa níbi iṣẹ́, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ló gbà láti ṣe alárenà wa. Ó lọ, ó bọ̀, ojú rẹ̀ fún pọ̀.

“Ṣògo, Mummy Fèyí ní kí n kí ẹ.”

“Ìyẹn nìkan?”

“Ó ní físà iṣẹ́ ìtọ́jú lo bá wọ̀lú. Ó ní ìwé ìgbélùú lò ń wá, pé ọmọ òun kì í ṣe afárá tí ẹnikẹ́ni máa gbà débẹ̀. Ó ní ọmọ tí kò mọ ibì kankan láyé ju Ọ̀tà lọ, kí ló fẹ́ bá ọmọ òun sọ lálẹ́?”

“Ọ̀tà náà tóbi o, Auntie.”

“Pa ẹnu ẹ dé. Mo bẹ̀ ẹ́ ni kó tó gbà kó o wá lọ́jọ́ Sunday. Tó o bá débẹ̀, Ṣògo, ìbéèrè tí wọ́n bá bi ẹ́ nìkan ni kó o dáhùn.”

Ká ní mo gbọ́ ni.

Ilé wọn wà ní àjà kẹrin, lẹ́bàá Yarnton Way. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, imú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú kápẹ́ẹ̀tì. Ìyá náà, Adéjùmọ̀kẹ́ lorúkọ wọn, jókòó bí adájọ́. Wọ́n bi mí ní orúkọ bàbá mi, wọ́n bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì mi, wọ́n wá ní, “Yàtọ̀ sí Ọ̀tà àti Thamesmead, ibo lo tún dé rí?”

Ibì kankan ni ìdáhùn rẹ̀. Fèyí ń wò mí, Auntie Margaret ń wò mí. Mo gbójú sókè, mo sì rí kálẹ́ńdà kan lára ògiri. Kálẹ́ńdà àtijọ́ ni, ọdún rẹ̀ ti kọjá tipẹ́. Ère Jésù ńlá tó wà lórí òkè ní Ríò, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ló wà lára rẹ̀, ó na apá méjèèjì sórí òkun.

“Mo ti débẹ̀, Mummy.”

“Níbo?”

“Ibẹ̀ yẹn.” Mo nawọ́ sí i. “Lọ́dọ̀ Jésù.”

“O kú rí ni?” ni Auntie Margaret já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n Mummy ò rẹ́rìn-ín. Ojú wọn yí padà, ó rọ̀ bíi búrẹ́dì tí èèyàn kì bọ tíì. Wọ́n rọra béèrè pé, “Tíréènì lo bá gòkè, àbí?”

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ẹ̀ ni lásán ló yẹ kí n sọ. Ó ti wà lórí ahọ́n mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ti gbóná.

“Tíréènì kẹ̀, Mummy? Àwọn ọ̀lẹ ló ni tíréènì! Ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún.”

Mo wá bẹ̀rẹ̀. Mo la igbó kọjá, igbó tó ṣú tó jẹ́ pé ọ̀sán dòru nínú rẹ̀. Ọ̀bọ kan rí i pé ó ti rẹ̀ mí, ó bá mi gbé báàgì. Mo kọrin ìyìn títí òkè náà fi ń gbè mí. Nígbà tí mo dé ìdí ère, mo nawọ́, mo fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ Rẹ̀. “Mummy, ó gbóná! Bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà.”

Nígbà tí mo dákẹ́, Mummy ń sunkún.

Ọkọ wọn, Daddy Francis, ọdún mọ́kàndínlógún ló fi ṣiṣẹ́ rélùwéè nílùú yìí. Òun ló ra kálẹ́ńdà náà. Ó ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé tí òun bá fẹ̀yìn tì, àwọn méjèèjì máa lọ sí Ríò, kí àwọn wọ tíréènì pupa kékeré tó ń la igbó gun òkè náà, èyí tí wọ́n ṣe eyín sí lábẹ́ kó má baà yọ̀ padà sẹ́yìn. Ọdún tó wà lára kálẹ́ńdà yẹn ló kú. Ìdí tí wọn ò fi yọ ọ́ kúrò lára ògiri nìyẹn.

Mo wo kápẹ́ẹ̀tì bóyá ó máa lanu gbé mi mì. Kò lanu.

“Ọmọ mi,” ni Mummy wí. Ọmọ mi! “Ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì yìí ti dé ibi tí ọkọ mi kú lójú ọ̀nà rẹ̀.”

Ó yẹ kí n sọ ọ́ nígbà yẹn. Fèyí rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ni mo bá gbé omijé mi náà jáde, mo fi kún un.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sígbà náà, Mummy dìde jẹ́rìí nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n sọ ti ọ̀bọ. Wọ́n sọ ti ọmọ ìka ẹsẹ̀. Gbogbo ìjọ yíjú wò mí, wọ́n ń ṣe Hálelúyà, mo sì ń mi orí bí aláǹgbá. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Mi ò tíì ní kí àwọn ẹbí rẹ wá tọrọ ọmọ o. A ó kọ́kọ́ lọ síbẹ̀ ná, èmi, ìwọ àti Fèyí. Ibẹ̀ ni màá ti fi ọwọ́ rẹ̀ lé ọ lọ́wọ́. Tí a ò bá lọ, kò sí nǹkan kan.”

Bí wọ́n ṣe so ìyàwó mi mọ́ orí òkè nìyẹn.

Ọjọ́ tí a jókòó láti pinnu bí a ó ṣe gòkè ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí gidi. Fèyí ti wo gbogbo rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà: tíréènì, ọkọ̀ kékeré, àti ẹsẹ̀.

“Tíréènì ni, Mummy,” ni ó wí. “O mọ̀ pé orúnkún ẹ ò dáa.”

“‘O’ ta ni?”

“Ẹ. Sorry. Orúnkún yín, Mummy.”

“Ẹsẹ̀ la ó fi gùn ún.”

“Mummy!”

“Ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ gùn ún, kò kú. Òun náà ló ní àwọn ọ̀lẹ ló ni tíréènì.”

Mo ní, “Mummy, àwàdà ni mo fi yẹn ṣe o. Tíréènì náà dáa.”

“O ti wọ̀ ọ́ rí?”

“Rárá, Mummy.”

“Ẹ̀n-ẹ́n.” Wọ́n wo kálẹ́ńdà náà. Ohùn wọn lọ sílẹ̀. “Tíréènì ni Francis fẹ́, Ọlọ́run ò jẹ́ kó débẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti sọ̀rọ̀ ni mo ti ń rò ó. Bóyá ọ̀nà ọ̀lẹ la fẹ́ gbà lọ sọ́dọ̀ Rẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn.”

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Òkú tó ti ń sinmi jẹ́ẹ́ láti ọdún wọ̀nyí, èmi Ṣògo ló lọ jí i dìde, mo fi ẹ̀sùn ọ̀lẹ kàn án. Ìrẹsì tó wà lẹ́nu mi di òkúta. Mo sì gbé e mì.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Fèyí lọ sí Royal Arsenal, létí odò. A dúró ní èbúté níbẹ̀, à ń retí ọkọ̀ ojú omi, atẹ́gùn ń fẹ́ irun bò ó lójú.

“Ṣògo, mo mọ irọ́ ẹ,” ló wí. “Ẹja tó ń wọ bus, gbogbo ẹ̀. I like them. Wọ́n máa ń jẹ́ kí iṣẹ́ mi rọrùn. Ṣùgbọ́n èyí, Mummy ń fi gbàdúrà. So, mi ò ní bínú. Tell me. Ṣé o débẹ̀?”

Ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún mi, ó gbálẹ̀ rẹ̀, ó tún tan iná sí i. Mo wo omi. Mo rò ó pé tí mo bá sọ ọ́, ọkọ̀ yẹn máa gbé òun nìkan lọ.

“Òótọ́ ni,” ni mo wí. “Mo débẹ̀.”

Ó di ọwọ́ mi mú. “Okay. Mo gbà ẹ́ gbọ́.”

Nínú gbogbo ohun tí mo ń rò fún yín yìí, gbólóhùn yẹn ni mi ò lè rántí láìpa ojú dé.

Mummy bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò. Láàárọ̀, wọ́n á gbé ẹ̀wù iṣẹ́ Daddy Francis wọ̀, èyí pupa-rúsúrúsú tó ń dán, kí àwọn oníkẹ̀kẹ́ lè rí wọn, wọ́n á rin etí odò láti Thamesmead títí kan Arsenal. Tí wọ́n bá dé ilé, wọn ò ní wọ lífìtì. Àtẹ̀gùn ni, àjà mẹ́rin, pẹ̀lú orúnkún tó ń ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Wọ́n á pè mí lórí fóònù: “Ṣògo! Mo ti dé àjà kejì láìsinmi!” Èmi á ní, “Ẹ kú iṣẹ́, Mummy,” màá sì yára pa fóònù.

Ní Thursday kan tí mi ò lọ síbi iṣẹ́, fóònù mi dún. Ohùn Mummy kéré. “Má pe Fèyí. Wá.”

Láàárín àjà kejì àti ìkẹta ni mo ti bá wọn. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú ẹ̀wù rélùwéè yẹn, bàtà kan ti bọ́ lọ, orúnkún wọn wú bí iṣu. Wọ́n ń mí gúlegúle. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé, “Ìwọ náà, ṣé ó dùn ọ́ báyìí, níbi òkè yẹn? Sọ fún mi pé ó dùn ọ́. Tó bá dùn ọ́, màá lè ṣe é.”

Mo kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn tó wà nísàlẹ̀ wọn.

“Mummy, mi ò débẹ̀ rí.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìrora! “Ṣògo, dákẹ́. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, má pa mí lẹ́rìn-ín.”

“Mummy, mo parọ́ ni. Bí mo bá tún ń parọ́ báyìí, kí n má rí Fèyí fẹ́.”

Ẹ̀rín náà dúró. Ẹnì kan pe lífìtì nísàlẹ̀, a gbọ́ ọ tó ń lọ sókè, tó kọjá wa nínú ògiri.

“Ọ̀bọ ńkọ́?”

“Kò sí ọ̀bọ, Mummy.”

“Tó gbé báàgì?”

“Kò sí báàgì.”

“Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńkọ́?” Ohùn wọn ti di ti ọmọdé. “O ní ó gbóná.”

Mo kàn mi orí pé rárá.

Wọ́n di ẹ̀wù náà mú. “Francis kì í ṣe ọ̀lẹ.”

“Rárá, Mummy.”

“Aago mẹ́rin ìdájí ló máa ń jí. Ọdún mọ́kàndínlógún.”

“Ẹ foríjì mí, Mummy.”

“Dìde níwájú mi.”

Mo dìde. Ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ò lè dìde. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ sí mi láìwo ojú mi, mo sì pọ̀n wọ́n sẹ́yìn lọ sí ilé. Ẹ mọ irú ẹni tí mo jẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn màá ní wọ́n wúwo ju erin àti ọmọ rẹ̀. Wọn ò wúwo rárá. Èémí wọn wà létí mi lórí gbogbo àtẹ̀gùn náà.

Èmi fúnra mi ni mo sọ fún Fèyí. Kò pariwo. Ó ń di orúnkún ìyá rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì dúró. “At the pier,” ló wí. “Mo bi ẹ́, Ṣògo. Mo ní mi ò ní bínú.” Ó wá gé báńdéèjì náà. “Máa lọ.”

Láti ìgbà náà, nọ́ọ̀sì mìíràn ni wọ́n ń rán wá ní Tuesday.

Auntie Margaret ò jẹ́ kí n sinmi. “Ẹni ọgọ́ta ọdún bíi tèmi! Alárenà ọ̀bọ ni wọ́n ń pè mí! Mo ní ìbéèrè tí wọ́n bá bi ẹ́ nìkan ni kó o dáhùn!”

“Ìbéèrè tí wọ́n bi mí náà ni mo dáhùn, Auntie.”

“Ṣé wọ́n bi ẹ́ ní ọ̀bọ ni?”

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, mo jáde sí ibi tí Mummy ti jẹ́rìí. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní, “Ẹ̀rí tí Mummy Fèyí jẹ́ nípa mi, irọ́ tèmi ni, kì í ṣe tiwọn. Mi ò dé Bùràsíìlì rí.” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n ò tíì sọ̀rọ̀ láàárín èrò rí kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rìn padà sí ìjókòó mi, ọ̀nà náà gùn.

Oṣù méjì kọjá. Mo ń gun bọ́ọ̀sì kọjá ilé wọn, mi ò sọ̀ kalẹ̀. Ni Auntie Margaret bá gbé iṣẹ́ kan wá fún mi láti ọ̀dọ̀ Mummy: “Ó ní kó o lọ wádìí bí èèyàn ṣe ń gun òkè yẹn ní tòótọ́. Kó o kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní o ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan kún un.”

Mi ò kọ nǹkan tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, àní ká pa WAEC mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọ gbólóhùn kan, ọwọ́ mi á fẹ́ fi ẹranko kan sí i. Ohun tó kù nígbà tí mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ nìyí: Tíréènì ń gbéra láti ìsàlẹ̀ òkè. Ó ń la igbó kọjá fún bíi ogún ìṣẹ́jú. Àtẹ̀gùn tó wà lókè ju igba lọ, ṣùgbọ́n lífìtì wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn, àti àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, èèyàn lè má rí ère náà rárá. Ṣé ìjókòó ọwọ́ ọ̀tún ló dáa jù? Mi ò mọ̀. Ṣé ẹsẹ̀ Rẹ̀ ṣeé fọwọ́ kàn? Mi ò mọ̀. Báwo ló ṣe máa ń rí lára èèyàn níbẹ̀? Mi ò mọ̀.

Èsì dé ní ọjọ́ kẹta. “Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì,” ni Auntie Margaret wí. “Ó ní ibi tó o ti kọ ‘mi ò mọ̀’ yẹn, òun gbà á gbọ́. Ó ní tíréènì ni. Ó ní kó o lọ wá físà, nítorí pásípọ́ọ̀tù tìẹ ò lè dá gòkè.”

Fèyí pè mí sí èbúté. Ó ti mú ìwé mi náà lọ́wọ́.

“Ìkùukùu yìí ńkọ́? Ṣé ó máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tá a bá lọ?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ṣé o ṣì fẹ́ mi?”

“Ìyẹn mo mọ̀.”

Ó ká ìwé náà. Kò dì mí lọ́wọ́ mú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ dé, ó ní, “Wọlé, atẹ́gùn ń fẹ́.”

A lọ ní oṣù karùn-ún. Tíréènì náà pupa bó ṣe wà lẹ́nu Daddy Francis. Mummy jókòó sẹ́bàá fèrèsé, wọ́n tẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́ náà sórí ìjókòó tó tẹ̀ lé tiwọn, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Igbó ń kọjá. Ní ibi tó ti ga jù, tí tíréènì ń fi eyín di ọ̀nà mú, wọ́n fọwọ́ pa ẹ̀wù náà, wọ́n ní, “Francis, ẹ ò rí i? Eyín náà ń ṣiṣẹ́ o.”

A wọ lífìtì. A jáde sókè. Ìkùukùu! Funfun gbáà. A rí òkúta dúdú tí ère dúró lé, lókè rẹ̀ kò sí nǹkan kan. Kò sí apá, kò sí orí, kò sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. A dúró fún wákàtí kan ààbọ̀, òtútù ń mú wa, ìkùukùu náà ò ká. Mo ní ó tán. Mo ní Ọlọ́run ti rí mi, Ó fa aṣọ bojú.

Mummy ní, “Fèyí, mú ọwọ́ rẹ wá.” Wọ́n mú tèmi náà, wọ́n fi ọ̀kan lé èkejì. “Ẹni tí a wá bá wà níbẹ̀. Bí a ò rí I, Òun ń rí wa. Ṣògo, sọ fún àwọn ẹbí rẹ kí wọ́n máa bọ̀.”

Sunday tí a dé, wọ́n pagbo yí mi ká níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. “Ṣògo! Ó tóbi tó? Báwo ló ṣe rí?”

“Mi ò rí i,” ni mo wí. “Ìkùukùu bò ó.”

Ẹ̀rín bú jáde, Auntie Margaret ló síwájú. “Ọmọ yìí ò lè yí padà! Ó lọ sí Ríò, kò rí ère!”

“Auntie, mo fi Ọlọ́run búra!”

“Ọ̀bọ ńkọ́? Ìkùukùu bo òun náà?”

Bí mo ṣe ń búra, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fèyí ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di apá mi mú kó má baà ṣubú. Mo yíjú sí Mummy, mo ní, “Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Mummy tún gèlè wọn ṣe. Ojú wọn ò yẹ̀ kúrò lára mi.

“Ti ìkùukùu, èmi ò mọ̀ o,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n mo fọwọ́ kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ Rẹ̀. Ó gbóná.”

Hálelúyà sọ gèè. Mummy sì ń wò mí, ẹ̀rín ń yọ ní igun ẹnu wọn, wọ́n ń retí kí n wí nǹkan.